Ẹ Máa Wọn Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Yín

Bí ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí a fi ń gun òkè fún ọmọ yín, ẹ mú rúlà ti ṣéènì rẹ̀. Láti àárín ìṣó kan, ẹ ka ìṣó 24 tí ó tẹ̀lé e: bí ṣéènì bá jẹ́ tuntun, íǹṣì 12 géérégé ni. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 16 íǹṣì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jẹ eyín jíà, yóò máa yọ̀, yóò sì gbé ọmọ ṣubú. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ tó kán òìlì sí i. Dídè ni a ń de ràkúnmí kí a tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.