Agbára Ìpamọ́ fún Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń fi títo ọkọ̀ ojú irin kékeré dára yá. Wọn a tẹ́ irin sórí tábìlì gbọọrọ, wọn a kọ́ ibùdókọ̀, afárá àti ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Nínú ìwọ̀n tí a ń pè ní HO, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní ayé, ohun tí ó gùn tó mítà 87 di mítà 1 péré, àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó kọ́kọ́ ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gbé ohun ìdáná àti omi rẹ̀ dání. Ti kékeré yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí ó ń tẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá: iná mànàmáná a gba irin kan wọlé, a gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjá sínú ẹ̀rọ, a sì gba irin kejì padà. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ àti irin kò bá fi ara kan ara, agbára dá nìyẹn.

Kí ni ó ń fa èyí? Eruku, òróró àti ìdọ̀tí dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ irin ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Èkejì ni ibi tí ọ̀nà irin ti pín sí méjì, nítorí pé níbẹ̀ ni a máa ń rí ike tí iná kò lè gbà kọjá. Ọkọ̀ kúkúrú tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ó sì tètè ń dúró níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ NMRA ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1935, fi ọwọ́ sí ìlànà ìdarí tí a ń pè ní DCC. Nípa rẹ̀, ẹ̀rọ agbàṣẹ kékeré wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dá díẹ̀, ọkọ̀ tí ń fọn fèrè a dákẹ́ lójijì, a sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Igi gánrangánran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ìtọ́jú ni ó yẹ kí ó ṣáájú: kí a máa nu irin àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a so wáyà mọ́ irin ní ibi púpọ̀, kí a sì jẹ́ kí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa gba iná.

Lẹ́yìn èyí ni kapásítọ̀. Ó dà bí àmù: a máa kún nígbà tí iná ń wá, a sì máa bù ú lò nígbà tí iná bá dá. Ti màíkírófárádì 1000 kò tó ìṣẹ́jú òjú kan. Àwọn alágbára jù ú lọ a máa pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà ju fóltì 2.7 lọ, nítorí náà ni a ṣe ń so márùn-ún tẹ̀léra, kí wọ́n lè gba fóltì 13.5. Inú ẹ̀rọ agbàṣẹ ni a ń so wọ́n mọ́, kì í ṣe ara irin. Bí a bá so wọ́n lódì, wọ́n lè bẹ́. Rẹsísítọ̀ ni ó ń dá wọn dúró kí wọ́n má baà gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dáyọ́ọ̀dù ni ó ń ṣí ọ̀nà fún un láti jáde.

Ọ̀nà kẹta ni bátìrì. Ọkọ̀ lè fi í rìn fún wákàtí púpọ̀ láìgba iná lára irin rárá, pàápàá àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń rìn nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, a sì gbọ́dọ̀ máa gba iná sí i.

Ewu kan wà nínú agbára ìpamọ́. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lọ sí etí tábìlì, tí olówó rẹ̀ sì pa iná, ọkọ̀ tí ó ní agbára nínú kò ní dúró. A lè já bọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọ́. Nítorí èyí, a máa ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ agbàṣẹ pé kí ó lo ìpamọ́ náà fún àkókò kúkúrú péré, ìwọ̀n tí yóò gbé ọkọ̀ kọjá ibi ìdọ̀tí. Ẹni tí ó bá sì gbẹ́kẹ̀ lé ìpamọ́, tí kò nu irin mọ́, yóò rí i pé ìdọ̀tí yóò pọ̀ títí àmù yóò fi gbẹ.