Àgbà Tí Ń Ran Àgbà Lọ́wọ́: Ètò Alábàárìn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà fi ẹni tí ìtọ́jú òbí já lé léjìká hàn. Kò sọ ẹni tí yóò gba ẹrù náà lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ ọmọ yìí wà lára ohun tí ètò kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń bójú tó.

Òfin iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí ní ọdún 1973 ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Senior Companion Program ni orúkọ rẹ̀. Ètò Alábàárìn Àgbà ni ìbá máa jẹ́ ní èdè Yorùbá. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé àgbà ni àwọn olùyọ̀ǹda náà fúnra wọn. Ẹni ọdún 60 sókè ni ètò náà ń gbà tẹ́lẹ̀, kí òfin ọdún 2009 tó sọ ọ́ di 55.

Iṣẹ́ alábàárìn kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. A máa bá arúgbó lọ sí ọjà tàbí ọ̀dọ̀ dókítà, a máa bá a ka lẹ́tà, a sì máa bá a tàkúrọ̀sọ, nítorí ìdánìkanwà a máa pa àgbà lára. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣarán kò lè fi í sílẹ̀ nílé ní òun nìkan. Bí alábàárìn bá jókòó tì í fún wákàtí mẹ́rin péré, ọmọ náà lè lọ gba ìtọ́jú ara tirẹ̀, tàbí kí ó kàn sùn. Ibi tí àárẹ̀ bá ti borí ọmọ pátápátá ni àgbà ti sábà máa ń kúrò ní ilé ara rẹ̀ bọ́ sí ilé ìtọ́jú arúgbó.

Àwọn alábàárìn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan ń gba owó díẹ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan lè sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda mọ́. Àríwísí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀: owó náà kò tó owó oṣù, ó kàn ń jẹ́ kí tálákà rí àyè kópa ni.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àṣà Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò gbọdọ̀ máa wo àgbà níṣẹ́. Kíá ni yóò já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà rere ni, ṣùgbọ́n ó lè mú kí àgbà pàdánù agbára tí ó ṣẹ́kù sí i lára. Ojúgbà kò sí lábẹ́ èèwọ̀ yìí. Nígbà tí ọwọ́ arúgbó bá ń gbọ̀n lórí bọ́tìnì ẹ̀wù, ojúgbà rẹ̀ lè jókòó tì í, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn, títí yóò fi dè é tán.