ÀWỌN ỌMỌ AJÍSÀÀRÌ LÓ BÍ FÚJÌ: Ta ló gba agogo lọ́wọ́ wọn?

Bí ẹ bá fẹ́ pe olórin fújì tó lórúkọ wá sí òde ìnáwó yín, ẹ tọ́jú owó dáadáa o! Kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé, ẹ ti san àsansílẹ̀. Bó bá sì dé ojú agbo, owó tí wọ́n máa ná fún un tún wà lọ́tọ̀. A ò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà inú wọn léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ orin, wọn kò ní dárúkọ iléèwé kankan fún yín. Ojú títì ni, lóru ààwẹ̀ Ràmàdáánì, láàárín àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún.

Wéré lorúkọ orin náà. (Ẹ pè é dáadáa o! Ẹni tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di alárùn ọpọlọ.) Àwọn mìíràn ń pè é ní ajísààrì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jí àwọn Mùsùlùmí dìde, kí wọ́n lè rí sààrì jẹ kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó àti n'Íbàdàn láyé ìgbà yẹn. Nígbà tí òru bá ti jìn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á kóra jọ: ọmọ iṣẹ́ télọ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ iléèwé tí ìyá rẹ̀ rò pé ó ń sùn. Ẹnì kan á mú agogo, ẹnì kan á mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò rí nǹkan mú á he agolo. Sákárà wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì nídìí: ìlù tí wọ́n fi amọ̀ ṣe òrùka rẹ̀, tí wọ́n fi awọ bò lójú kan ṣoṣo, kò wúwo, ọmọdé lè gbé e rìn yí àdúgbò ká. Ọ̀kan á máa lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Ọdọọdún sì ni ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára ju ti ọdún tó kọjá lọ. Bó bá bọ́ sígbà òjò, inú òjò ni wọ́n á ti kọrin. Bó bá bọ́ sígbà ọyẹ́, ètè á là.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀fun lásán ni wọ́n fi ń jí ẹni tó ti sùn fọnfọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ ní gbogbo ilé. Níwájú ilé Alhájì, wọ́n á pe Alhájì lórúkọ, wọ́n á ki bàbá tó bí i, wọ́n á kí àwọn ìyàwó rẹ̀. Ọmọ tó bá pe ìyàwó kékeré ṣáájú ìyálé, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀! Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń yílé ká láti gba owó ọdún, ìyálé kò ní gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ tí olórin fújì ń ki ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìwo ìwé, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ìgbà ọdún ni ọ̀rọ̀ ń le. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan á pàdé ti àdúgbò mìíràn ní gbangba, àwọn àgbà á jókòó ṣe adájọ́, ẹni tó bá borí á gbé ife. Ife lásán o, kì í ṣe owó! Síbẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ torí ẹ̀ bẹ́ra wọn lórí.

Inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i, kékeré ló sì ti ń kọ wéré. Ó ṣe ṣójà nígbà ogun abẹ́lé, kò torí ẹ̀ fi orin sílẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní fújì. Ó ní orúkọ òkè Fuji tó wà ní Japan, tí òun rí lára àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú, lòun mú. Kó tó kú ní oṣù December 2010, orin àwọn ọmọ agolo ti dé London àti Amẹ́ríkà. Kollington Àyìnlá, tóun náà ṣe ṣójà, gba ọ̀nà kan náà. N'Íbàdàn, Dáúdà Epo Àkàrà, tó di olóògbé ní 2005, mú wéré tirẹ̀, ó sọ ọ́ di àwúrèbe. (Wákà àwọn obìnrin ń kọ́? Ọjọ́ mìíràn la ó sọ tiwọn.)

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn wọn o. Àwọn ààfáà kan ní ìlù kò bá ààwẹ̀ mu, pé ariwo lásán ni. Àwọn òbí náà ní tiwọn: ọmọ tó fi gbogbo òru rìn, ojú oorun ni yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. A ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfáà ló gba agogo lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, kì í sì í ṣe òbí.

Lónìí, fóònù ló ń jí èèyàn. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ń ké látòkè. Ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó ló ti fi géètì dí ojú títì wọn. Ọmọ tó bá mú agogo rìn lóru, ọlọ́dẹ lè pè é lólè. Wéré kò tíì tán pátápátá, àmọ́ ó ti dín kù jọjọ. Bí ọdún bá wá dé, tí àdúgbò dáwó, DJ ni wọ́n á háyà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mi ilé tìtì. Àwọn ọmọ tó ní ọ̀fun á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa wòran.

Èyí ló ń dùn wá. Kò pọn dandan kí wọ́n rìn lóru mọ́. Ẹ fún wọn ní wákàtí méjì péré lọ́sàn-án ọdún, kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ DJ. Ẹ ra sákárà díẹ̀ àti ife kan. Ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó ọdún jọ, ẹ̀yin là ń bá wí!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ ti lé wéré rí, ẹ kọ̀wé sí wa. Àdúgbò wo ni? Ta ló gbé ife? Ta ni wọ́n ní ó ṣe èrú? A mọ̀ pé ìjà ife ọjọ́ náà kò tíì parí nílé àwọn kan.