Ọ̀rọ̀ Kéékèèké Tí Ń Dá Onímọ̀ Ẹ̀rọ Dúró: Gẹ̀ẹ́sì Lọ́wọ́ Àwọn Ará Ṣáínà

Bí ẹ bá rí ibi tí Yorùbá mi ti ń ta kókó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fojú fò ó. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Haúsá ni mo fi ń ṣeré ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni ní ilé ìwé, ìyá mi nìkan ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Yorùbá ni a ó máa sọ nínú ilé òun. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fi èdè elédè jẹun fi máa ń ká mi lára.

Nígbà tí mo lọ ṣe IT olóṣù mẹ́fà mi, ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ará Ṣáínà kan ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀gá yìí ti lé ní ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì dá lórí iṣẹ́ ju bí mo ti lè sọ lọ. Ìwé pélébé kan kì í kúrò ní àpò rẹ̀: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní apá òsì, ọ̀rọ̀ Ṣáínà ní apá ọ̀tún. “Alternator” wà níbẹ̀, “thermostat” wà níbẹ̀, “electromagnetic” náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan a fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tí ìwé ìlànà rẹ̀ jẹ́ kìkì Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá pè mí pé, “My friend, come.” Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: “If the alarm goes off, stop the engine at once.”

Nínú ìwé pélébé rẹ̀, “off” ni “guān”, èyí tí í ṣe pípa tàbí títì. Nítorí náà, ohun tí ọ̀gá mi gbà lọ́kàn ni pé bí aago ìkìlọ̀ bá dákẹ́, kí a pa ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí aago bá wá ń ké, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ! Ohun tí ìwé ń sọ gan-an ni pé bí aago bá ti ké, kí a pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, ṣebí nígbà tí “the light goes off”, iná kú ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, báwo ni iná yóò ṣe kú, tí aago yóò sì máa ké, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà? Ẹnu mi wọhò. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, n kò sì rí i rí pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó takora ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, dókítà àti àwọn oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Ṣáínà ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ gígùn bí òpó iná ni ó ń ni wọ́n lára jù. Àwọn kéékèèké ni.

Kí ẹ má baà rò pé àwàdà lásán ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1993, bàálù MD-82 kan ti ilé iṣẹ́ China Northern Airlines fẹ́ balẹ̀ sí Ürümqi, ìlú ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà. Irú bàálù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú rẹ̀ ń sọ. Kùrukùru bolẹ̀, bàálù sì ti sún mọ́ ilẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé “Pull up! Pull up!”, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé imú bàálù sókè kíákíá. Nínú ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, a gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ń fi èdè Ṣáínà béèrè pé kí ni “pull up” túmọ̀ sí. Ènìyàn 102 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, 12 kú. “Pull” kì í ṣe ọ̀rọ̀ líle, “up” kì í ṣe ọ̀rọ̀ líle. Ọmọ ọdún méje mọ méjèèjì. Láti ọdún 2008 ni àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ICAO, ti là á kalẹ̀ pé awakọ̀ tí yóò bá fò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ dé ipò kẹrin nínú òṣùwọ̀n èdè alábala mẹ́fà.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ńlá kò fi ni wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí èdè tiwọn gbà ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí Yorùbá ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ṣe “ọkọ̀ ojú irin” àti “ayárabíàṣá” ni àwọn náà ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ni “diànnǎo”, ọpọlọ oníná mànàmáná. Rélùwéè ni “huǒchē”, ọkọ̀ oníná. “Semiconductor” tí ó ń dẹ́rù bà wá ní kíláàsì ni “bàndǎotǐ”: “bàn” ni ààbọ̀, “dǎo” ni kí a darí nǹkan, “tǐ” ni ara. Àìsàn tí àwọn Haúsá ń pè ní sanƙarau, tí ó máa ń jà ní apá ibí yìí nígbà ooru, “nǎomóyán” ni lọ́dọ̀ wọn: ọpọlọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti “yán”, èyí tí í ṣe wíwú tòun ti ìgbóná. Bí wọ́n ti ń kọ “yán” náà dùn mọ́ mi: àmì iná ni wọ́n gbé lé orí àmì iná. Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé ìṣègùn rí lè wo orúkọ àìsàn yìí, kí ó sì mọ ibi tí ó ń mú ènìyàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ń wá egungun inú ọ̀rọ̀. Àwọn ìwé ìdánrawò wọn kún fún mọ́fíìmù Gíríìkì àti ti Látìn: “thermo” ni ooru, “hydro” ni omi, “meter” ni ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ bí igba irú wọn lè fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn kàn ń há ọ̀rọ̀ sórí láti A dé Z ni. Àwàdà kan gbajúmọ̀ láàárín wọn, pé “abandon” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé, ó sì ń túmọ̀ sí kí a pa nǹkan tì, ni wọ́n bá pa ìwé tì.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò fọ́ “yield” sí wẹ́wẹ́? Lóko, ìkórè ni. Lójú títì, kí o yà fún ọkọ̀ mìíràn ni. Lẹ́nu iṣẹ́ irin, ibi tí irin ti tẹ̀ dé tí kò ní lè padà sí ipò rẹ̀ mọ́ ni. “Current” àti “bearing” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ojú wọn jọ ti ará ilé ni ó ń tanni jẹ.

Àwọn tí wọ́n mọ àkàyé bí ẹni mowó ni ìjọba Ṣáínà tìkára rẹ̀ fẹ́ sọ wọ́n dà. Ní ọdún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò èdè òkèèrè kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, fún àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ tí ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Èdè mẹ́fà ni wọ́n lè yàn nínú rẹ̀ nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì ní ipele A, B àti C. Ó ní ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ìlera, àti ti àpapọ̀. Kò sí sísọ̀rọ̀, kò sí gbígbọ́, kò sí àròkọ. Ọ̀rọ̀ àti àkàyé nìkan ni fún wákàtí méjì, máàkì 100, àwọn àyọkà àkàyé mẹ́ta sì ni ó máa ń kó 45 nínú rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gbà nígbà náà kí ènìyàn mú ìwé atúmọ̀ èdè wọlé. Inú yín dùn, àbí? Ẹ má tíì yọ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ ohun tí “off” jẹ́ fún yín ní ogún ọ̀nà, aago ògiri yóò sì máa lọ.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí a jí kó sí ibí. Nígbà náà, wọ́n máa ń fún ènìyàn ní àyọkà kan, wọn a wá sọ gbólóhùn méje, kí ó sọ èyí tí ó tọ́, èyí tí kò tọ́, àti èyí tí àyọkà kò mẹ́nu bà. Ìkẹta yìí ni pàkúté. Ká ní àyọkà sọ pé wọ́n yẹ irin afárá kan wò ní oṣù karùn-ún. Gbólóhùn wá ní irin náà ti ń dípẹtà. Ẹnjiníà tí ó ti fi ogún ọdún tọ́jú afárá mọ̀ pé irin inú omi a máa dípẹtà, ni ó bá kọ ọ́ pé ó tọ́. Ó pàdánù máàkì. Àyọkà kò sọ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ tirẹ̀ ni ó kà.

Gbólóhùn gígùn tún ní wàhálà tirẹ̀, ibí sì ni èdè abínibí ti ń fa ènìyàn lẹ́wù. Ẹ wo èyí: “The pump that the engineer who came from Beijing repaired has stopped.” Àwa yóò ní, “Pọ́ǹpù tí ẹnjiníà tí ó wá láti Beijing tún ṣe ti dúró.” Awẹ́ gbólóhùn tiwa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní èdè Ṣáínà, iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo ẹ̀yán ń dúró sí, bí ẹni pé a ní “láti-Beijing-wá ẹnjiníà tún-ṣe pọ́ǹpù ti dúró”. Òǹkàwé wọn gbọ́dọ̀ yí gbólóhùn po kó tó yé e. Àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o, nítorí bí Gẹ̀ẹ́sì bá to ọ̀rọ̀ orúkọ léra bí “water pump pressure control valve”, bí ó ti tò ó náà ni Ṣáínà ń tò ó. Àwa ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti orí “valve”, tí a ó máa padà bọ̀ wá sí omi.

Èyí tí ó léwu jù lójú mi ni “shall” àti “should”. Nínú àwọn ìwé ìlànà ISO, “shall” ni dandan, “should” ni ìmọ̀ràn, “may” ni ìyọ̀ǹda. Ìwé ìlànà Ṣáínà náà ní mẹ́ta tirẹ̀: “yīng” fún dandan, “yí” fún ìmọ̀ràn, “kě” fún ìyọ̀ǹda. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ilé ìwé girama ni wọ́n ti kọ́ ọmọ Ṣáínà pé “should” ni “yīnggāi”. Bí ó bá dàgbà di ẹnjiníà, tí ó rí “should”, “yīng” ni yóò wá sí i lọ́kàn, ìmọ̀ràn a sì di dandan. Bí ó bá sì ń kọ ìwé ìlànà lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwa tí a ó lo ẹ̀rọ náà, dandan lè di ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò ṣí fáàfù tí wọ́n ní kí a tì?

Ní ọdún 2016 ìjọba Ṣáínà sọ pé ìdánwò ìgbéga yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún gbogbo oníṣẹ́ mọ́. Àwọn dókítà ìgbèríko ti ráhùn títí, pé kò sí aláìsàn kan tí ń bá àwọn sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sì ń fi òru há ọ̀rọ̀ sórí. Mo gbà pé wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e dé òkè òkun, bí ọ̀gá mi, kò rí ibi sá sí. Fóònù rẹ̀ ń túmọ̀ nǹkan fún un, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí fóònù nìkan dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ó lè gba ọwọ́ ènìyàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn, ó yí ìwé pélébé rẹ̀ padà. Kò kọ “off” ní òun nìkan mọ́. Odidi gbólóhùn ni ó ń kọ, pẹ̀lú àwòrán kékeré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: aago tí ń ké, gílóòbù tí ó dúdú. Ó ní kí n sọ méjèèjì ní èdè mi. Mo ní aago ké, iná kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá iná ní ẹ̀mí lọ́dọ̀ wa, kí n tó dáhùn ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.