Ẹni Tí Yóò Gba Ọ̀pá Lọ́wọ́ Ọ̀gá Akọrin

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Akpakpa, ní ìhà ìlà oòrùn ọ̀sà Kútọnu, orin kì í wọ́n. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ṣoṣo, akọrin Hanyé lè kọrin ní èdè Fọ̀n ní Máàsì àkọ́kọ́, kí akọrin Yorùbá gbà á ní Máàsì kejì, kí àwọn elédè Mínà tàbí Faransé sì kọ tiwọn lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń ṣí ìwé orin Ègùn àti ti Yorùbá. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, ń fi fèrè àti ìlù gbé orin tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọ̀nyí tí kò ní ẹnì kan tó ń kọ́ wọn lóhùn.

Ẹni náà là ń wí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó oṣù nídìí orin. Ẹlòmíràn jẹ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òmíràn ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, òmíràn ń ránṣọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n á pín ohùn sí mẹ́rin, wọ́n á kọ dò-rè-mí sára pátákó, wọ́n á sì dúró ti ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ títí yóò fi bọ́ sípò. Àdúgbò mọ̀ wọ́n dáadáa. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn ni wọ́n ń ké sí. Bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, àwọn náà ni. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá kó lọ sí Parakou, tàbí tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ orin tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ lè tán lẹ́nu wọn. Ìwé tó kọ ọ́ sí wà nínú àpótí nílé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti múra sílẹ̀ láti gba ipò rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìlú yìí kò mọ̀ pé olùkọ́ lè ṣáájú. Ní ọdún 1989, nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Benin ti di ohun tí kì í wọlé mọ́, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìyanṣẹ́lódì yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Mathieu Kérékou gbà láti pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Akpakpa gan-an ni wọ́n ti ṣe é, ní hótẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága. Ẹni tó bá gbé ní àdúgbò yìí nígbà náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n owó oṣù, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ àti ipò tí yàrá ìkàwé wà ló gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin kì í sábà jẹ yọ níbẹ̀.

Nínú ilé ẹ̀kọ́ pàápàá, orin kò ní ibùjókòó tirẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán yíyà àti ìtàn sísọ, ọwọ́ tíṣà kan náà tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló sì wà. Bí ẹni náà bá lóhùn, àwọn ọmọ á kọrin. Bí kò bá lóhùn, wọ́n á yàwòrán. Bí wọ́n bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣàṣà ni èyí tó ní olùkọ́ orin. Orin kan wà tí gbogbo ọmọ Benin mọ̀ láti kékeré, ìyẹn L'Aube Nouvelle, orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà ní ọdún òmìnira, 1960. Àlùfáà Kátólíìkì ni Gilbert Dagnon tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó sì gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọdún yẹn wá, ilé ìjọsìn ló ń bá ilé ẹ̀kọ́ ru ẹrù orin.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí ni ìjọba gbé ètò kan wọ ilé ẹ̀kọ́. Classes culturelles ni wọ́n ń pè é, kí ọmọ lè kọ́ orin, ijó, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe. Inú mi dùn sí i gidigidi. Àmọ́ ta ni yóò sọ irú orin tó yẹ kí ọmọ Akpakpa kọ́kọ́ mọ̀? Ta ni yóò dá ẹni tó mọ orin kọ́ ọmọdé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn mọ fèrè fọn? Ta ni yóò lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba pé wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò tó? Níbòmíràn, àwọn olùkọ́ orin fúnra wọn ló ń kóra jọ ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń yan ẹni tí yóò ṣojú wọn.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní ọdún 1891, jẹ́ ọmọ ilé orin. Àlùfáà Josiah Jesse, bàbá rẹ̀, fi orin tan ìgbàgbọ́ kálẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1922 ló kọ àwọn orin Yorùbá rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Israel náà mọ dùrù tẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ló yàn. Nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó rí i pé àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà ń dá ṣe, oníkálukú ń bá ìjọ tó gbà á síṣẹ́ fa wàhálà tirẹ̀. Ní ọdún 1926 ó kó wọn jọ di ẹgbẹ́ kan. Àwọn olùkọ́ Èkó ti ní tiwọn ní ọdún 1925. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1931, àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé ní Èkó, wọ́n sì di Nigeria Union of Teachers, tí gbogbo ayé ń pè ní NUT. Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Títí di ọdún 1954 ló fi wà lórí àga náà, kò sì torí rẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀: láti ọdún 1932 òun ni ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú ìtàn rẹ̀ ju gígùn ọdún yẹn lọ ni bí ó ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1943, ẹgbẹ́ yan Eyo Esua, ọmọ Calabar, ní akọ̀wé àgbà tí yóò máa fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Ààrẹ ń sọ̀rọ̀, akọ̀wé ń kọ lẹ́tà, ó ń ka owó, ó ń rìn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Nígbà tí Ransome-Kuti kúrò, tó sì kú ní ọdún 1955, ẹgbẹ́ kò mì. Esua wà níbẹ̀ títí di ọdún 1964. Mo gbà pé ilé orin tó ti wá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti to ohùn mẹ́rin pọ̀ rí mọ̀ pé ohùn tirẹ̀ nìkan kò lè di orin.

Ilé yẹn kan náà ni Fela ti jáde, ọmọ Israel, tó kọ́kọ́ jókòó sídìí dùrù lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀ kó tó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Àwọn afọnfèrè Gangbé Brass Band ti Kútọnu, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1994, fẹ́ràn orin Fela débi pé wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Èkó láti ṣeré ní Shrine, ibùdó orin Fela. Arnaud Robert ya fíìmù ìrìn àjò náà, ó sì jáde ní ọdún 2015. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ilé tíṣà kan ní Abẹ́òkúta ṣe rìn jìnnà tó. Ṣùgbọ́n orí ló bá a ṣe é. A kò gbọdọ̀ fi orin gbogbo àdúgbò lé orí lọ́wọ́.

Ní Èkó náà, ẹnì kan ṣe é lọ́nà mìíràn. T. K. Ekundayo Phillips, tí òun náà kàwé ní Trinity College of Music, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùrù ní Kàtídírà Christ Church ní ọdún 1914, kò sì kúrò títí di ọdún 1962. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn míṣọ́nnárì ti da ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Òyìnbó, ohùn náà sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò yẹ, tí ẹni tó ń gbọ́ kò fi ní mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ó kọ́ àwọn ọmọ akọrin rẹ̀ láti jẹ́ kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tó mọ̀ sínú ìwé, Yoruba Music, tó jáde ní ọdún 1953. Fela Sowande gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, Ayo Bankole náà sì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí Bankole di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ó ń jáde lọ kó àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ gíráámà jọ, ó ń kọ orin sílẹ̀ fún wọn, ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n pa á ní ọdún 1976, kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélógójì lọ. Bí kì í bá ṣe pé ó ti kọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbá ti bá a wọlẹ̀.

Olùkọ́ orin tún máa ń kan ìjà tí olùkọ́ ìṣirò kì í kàn. Ní Akropong, ní ilẹ̀ Gánà, Ephraim Amu ń kọ́ àwọn tíṣà lọ́la ní orin, ó sì wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ wàásù. Ní ọdún 1933 àwọn aláṣẹ ìjọ lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Achimota ló gbà á. Ìlù wo ló lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èdè wo ni ọmọ yóò fi kọrin ní kíláàsì, ṣé orin tí wọ́n ń kọ nídìí òrìṣà lè wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba: ìbéèrè wọ̀nyí ṣì gbóná ní Benin títí di òní, kò sì yẹ kí tíṣà kan ṣoṣo máa dá wọn dáhùn níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà tó wù mí kí a gbé yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1876, ní ìlú Delaware ní ìpínlẹ̀ Ohio, Theodore Presser àti àwọn olùkọ́ orin 62 dá Music Teachers National Association sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, àwọn olùkọ́ tó ń ṣe olórí ẹ̀ka kì í sì í gbowó oṣù lórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, a kì í yan ààrẹ lójijì. Ẹni tí wọ́n bá yàn yóò kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ lọ́la, yóò máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gorí àga. Bó bá sì sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣì jókòó síbẹ̀ fún sáà kan gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àná, kí ẹni tuntun lè rí i bi léèrè. Àwọn ni wọ́n ń ṣètò ìdíje àwọn ọmọ, ìdánwò, àti ìpàdé ọdọọdún tí olùkọ́ kan ti ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ni. Iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Lẹ́tà ni, ìwé owó ni, yàrá tí a ó háyà ni. Àmọ́ bí ẹnì kan bá kú tàbí tó kó lọ, ẹni méjì wà tó mọ ibi tí nǹkan wà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ Akpakpa nìyẹn. Àwọn tó lè ṣe é ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ń sìn láìgbowó, ẹsẹ̀ wọn kò sì jìnnà síra wọn, láti Sacré-Cœur títí dé Suru-Léré. Ohun tó ṣòro ni kí ọ̀gá akọrin Kátólíìkì jókòó ti Mẹ́tọ́díìsì, kí àwọn méjèèjì jókòó ti afọnfèrè aláṣọ funfun ti Ìjọ Mímọ́, kí wọ́n sì fi àyè gba onílù tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jọ́sìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe aṣáájú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ orin ìjọ ẹlòmíràn títí dé òpin láìkanjú. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ẹgbẹ́ di ti akọrin tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó kọ́ orin lọ́nà ti Faransé mọ dò sí ibì kan ṣoṣo lórí dùrù, kì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé orin tó ti Èkó wá ń gbé dò káàkiri, ibi tí orin bá dúró sí ni dò wà. Ọmọ tó bá ti akọrin kan bọ́ sí èkejì ní Akpakpa yóò bá a pé ohun tó mọ̀ ti yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì lè rò pé òun kò lóye ni. Bí classes culturelles bá kó olùkọ́ oríṣi méjèèjì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ìdààmú náà yóò bá wọn wọlé. Àwọn ọ̀gá akọrin lè fẹnu kò lórí rẹ̀ ní ìpàdé kan: kí wọ́n pinnu èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọdé àti ọdún tí wọn yóò fi èkejì hàn án, kí akọ̀wé kọ ọ́ ní Faransé àti ní èdè wa, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan lé ẹni tí wọ́n bá yàn ní igbákejì lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn gan-an.