Owó fóònù nígbà ìrìn-àjò ráńpẹ́ lẹ́yìn odi

Owó fóònù nígbà ìrìn-àjò ráńpẹ́ lẹ́yìn odi ni iye tí arìnrìn-àjò ń san fún ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti dátà nígbà tí ó bá gbé fóònù alágbèéká rẹ̀ kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí kan oríṣi ènìyàn méjì. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ń ti Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀ lọ sí òkèèrè, bí àwọn oníṣòwò tí ń lọ sí Kùtọnu tàbí Dubai, àti àwọn Mùsùlùmí tí ń lọ ṣe iṣẹ́ Hájì ní Mẹ́kà. Àwọn kejì ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wálé fún ọjọ́ díẹ̀, pàápàá fún àjọ̀dún Ojúde Ọba tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá.

Ìtàn

Oṣù Kìíní ọdún 2001 ni ìjọba Nàìjíríà ta ìwé àṣẹ GSM fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ fún aráàlú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Globacom, tí Mike Adenuga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, dá sílẹ̀, dé sórí àtẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Òun ni ó mú kí a máa ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, dípò kí a máa ka odindi ìṣẹ́jú fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ní ti lílo fóònù ní ilẹ̀ àjèjì, ilé-iṣẹ́ Celtel so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà pọ̀ ní ọdún 2006, ó sì pè é ní One Network. Oníbàárà wọn lè gba ìpè ní orílẹ̀-èdè kejì láìsan kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí àfikún owó fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ tí ń rìn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ECOWAS fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú òfin yìí lò ní àkókò tirẹ̀: Ghana àti Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún 2023. Nítorí náà, kò yẹ kí arìnrìn-àjò gbà pé ẹ̀dínwó náà ti kan ìlà tirẹ̀ kí ó tó béèrè.

Bí owó náà ṣe ń pọ̀

Nígbà tí a bá tan fóònù ní ilẹ̀ òkèèrè, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ yóò rí i pé káàdì SIM náà kì í ṣe tirẹ̀. Yóò béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni káàdì náà bóyá kí òun gbà á láyè. Bí àdéhùn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, fóònù yóò ṣiṣẹ́. Ètò yìí ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí roaming. Ilé-iṣẹ́ àlejò yóò bu owó lé ilé-iṣẹ́ ilé, ilé-iṣẹ́ ilé yóò sì fi èrè tirẹ̀ kún un kí ó tó yọ ọ́ lára oníbàárà.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹni tí a pè náà ń san owó. Bí ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Accra lórí nọ́ńbà Nàìjíríà, owó ìpè abẹ́lé ni ìyá yóò san. Ọmọ ni yóò san ti apá tí ó kù, láti Nàìjíríà dé Ghana. Bákan náà, bí ọmọ kò bá gbé ìpè náà tí ó sì yà sí àpótí ohùn, owó lè gorí owó.

Dátà ni ó léwu jù. Fóònù ń lò ó láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fọwọ́ kàn án: ó ń sọ àwọn áàpù dọ̀tun, ó ń fi àwòrán pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ìmúrasílẹ̀ kí a tó kúrò nílé

- Kí arìnrìn-àjò béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ iye owó ìpè tí ó jáde, ìpè tí ó wọlé àti dátà ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ, àti bóyá ètò ọlọ́jọ́ díẹ̀ kan wà fún ibẹ̀.
- Kí ó pa ìlò dátà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àjèjì nínú ètò fóònù rẹ̀, kí ó sì pa àpótí ohùn.
- Kí ó fi Wi-Fi ilé gba àwòrán ilẹ̀ ìlú tí ó ń lọ sórí fóònù, kí ó lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Kí ó kọ nọ́ńbà àwọn ará ilé pẹ̀lú +234 ní iwájú. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 nìkan kò ní lọ láti òkèèrè.
- Kí ó yẹ fóònù wò bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó tà á ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í gba káàdì mìíràn.

Yíyàn láàárín ìlà ilé àti ìlà ibẹ̀

Fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ètò ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí ìlà ilé sábà máa ń tó. Bí ìrìn-àjò bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì SIM ibẹ̀ ni ó sábà máa ń dín owó kù jù. Ọ̀nà kẹta ni eSIM, èyí tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a sì ń gbà wọlé sínú fóònù láìsí káàdì kankan. Ẹni tí fóònù rẹ̀ gba ìlà méjì lè fi ìlà ilé sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó sì máa lo dátà lórí ìlà ibẹ̀.

Ipò ìlú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀:

- Benin: MTN wà ní Nàìjíríà, ó sì wà ní Benin, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà kò sọ ìlà Nàìjíríà di ti ibẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti di oníka 10, pẹ̀lú 01 ní iwájú. Nọ́ńbà oníka 8 àtijọ́ kò lọ mọ́. Ní Ìdí-Ìrókò, fóònù lè fò sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Benin nígbà tí olówó rẹ̀ ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Yíyan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fúnra ẹni nínú ètò fóònù ni ó ń dènà èyí.
- Sáúdí Arábíà: ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń forúkọ káàdì SIM sílẹ̀, nítorí náà olúwarẹ̀ ni yóò lọ rà á fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà.
- Dubai: wọ́n dí ìpè ohùn àti fídíò WhatsApp níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìpè WhatsApp nìkan yóò dákẹ́ fún ilé.

Àwọn tí ń bọ̀ wálé

Òfin Yúróòpù kò dé Nàìjíríà, nítorí náà ìlà òkèèrè máa ń wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó fẹ́ ra ìlà Nàìjíríà ní láti forúkọ sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà fóònù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, NIN, nítorí náà kí ọmọ Nàìjíríà tí ó ní i mú un dání. iPhone tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti iPhone 14 ti ọdún 2022 kò ní ihò káàdì SIM mọ́; eSIM nìkan ni ó ń gbà. Olówó rẹ̀ ní láti béèrè fún eSIM lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bí MTN tàbí Airtel.

Nọ́ńbà ilé àti báńkì

Fífi owó pamọ́ kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà ilé nù. Báńkì ń fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí rẹ̀ kí owó tó lè jáde, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í gba owó lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wọlé ní òkèèrè. Ẹni tí ó yọ káàdì ilé rẹ̀ jù sínú àpò lè rí i pé owó òun wà ní báńkì ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò tó o.

Ewu kejì wà fún àwọn tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lábẹ́ ìlànà àjọ NCC, tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ lè pa ìlà tí kò mú owó wọlé fún oṣù 6, bí ó bá sì tún dákẹ́ fún oṣù 6 mìíràn, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó pa ìlà rẹ̀ tì láti Ojúde Ọba kan sí èkejì lè pàdánù nọ́ńbà tí a so mọ́ báńkì rẹ̀. Ìpè kan tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí a sanwó fún kí oṣù 6 tó pé ni ó ń mú un wà láàyè.