Ta Ló Máa Fẹjọ́ Ọmọ Rẹ̀ Sùn?

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kọkànlá, ọdún 2009, Alhaji Umaru Mutallab wọ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Àbújá. Ẹni ńlá ni ní Nàìjíríà: ó ti ṣe mínísítà rí, ó sì ti jẹ́ alága First Bank. Kì í ṣe físà ló wá gbà. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ó ní Umar Farouk, ọmọ òun tó jẹ́ ẹni ọdún 22, wà ní Yẹ́mẹ́nì, ẹ̀rù sì ń ba òun pé ó ti kó sọ́wọ́ àwọn alákatakítí ẹ̀sìn.

Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣi orúkọ ọmọ náà kọ. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò, ohun tí wọ́n rí ni pé kò ní físà Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ó ní in. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ gbọọrọ tí wọ́n ń kọ àwọn afurasí sí, wọn ò fi í sínú èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn wọ bàálù. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, bàálù tó gbéra ní Amsterdam ti ń sún mọ́ Detroit nígbà tí ọmọkùnrin yìí gbìyànjú láti dáná sí ẹ̀tù olóró tí wọ́n rán mọ́ pátá rẹ̀. Iná ràn, bọ́ǹbù ò dún. Àwọn èrò tó wà nítòsí fò mọ́ ọn, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn bí 290 ló wà nínú bàálù náà.

Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, tí àwọn agbésùnmọ̀mí 19 já bàálù mẹ́rin gbà, tí wọ́n sì pa èèyàn tó sún mọ́ 3,000 ní Amẹ́ríkà, ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn ayé ti ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ogun ni, kí wọ́n fi ogun dáhùn. Àwọn kan ní ọ̀daràn ni wọ́n bíi ti ìgárá ọlọ́ṣà, kí wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ Mutallab fi kún àríyànjiyàn yìí ni pé ẹni tó máa ń kọ́kọ́ fura pé ọmọ kan ti ń yà kúrò lọ́nà kì í sábà jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òbí ni, àbúrò ni, ọ̀rẹ́ ni, lèmọ́mù àdúgbò ni. Nítorí náà, ìlànà yòówù tí ìjọba bá gbé kalẹ̀, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí wọ́n bi í: ṣé ó ń jẹ́ kí irú àwọn èèyàn yìí lè sọ̀rọ̀ ni, àbí ó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́?

Wọn ò tíì parí ìwádìí nígbà tí ọ̀rọ̀ Farouk ti di ìjà òṣèlú ní Washington. Àwọn agbófinró FBI kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un pé ó lè dákẹ́, ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Ni àwọn alátakò Ààrẹ Obama bá figbe ta: kí ló dé tí wọn ò gbé e fún ológun? Àwọn FBI ò bá wọn pariwo. Wọ́n wá sí Nàìjíríà, wọ́n mú méjì nínú ẹbí rẹ̀ lọ sí Detroit, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Kí oṣù Kíní ọdún 2010 tó parí, ó ti ń tú àṣírí àwọn tó rán an níṣẹ́ ní Yẹ́mẹ́nì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ọjọ́ kejì ìgbẹ́jọ́, ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n gbére.

Síbẹ̀, ní oṣù Kíní ọdún 2010 yẹn kan náà, Amẹ́ríkà kó Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí wọ́n máa tú àwọn èrò wọn wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fárígá. Baba kan fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn, wọ́n jókòó lé ẹjọ́ náà, gbogbo ọmọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n wá ń fura sí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà pa ìlànà náà tì.

Ẹ fi ti Farouk wé ti Khalid Sheikh Mohammed, ẹni tí wọ́n ní òun ló pète ìkọlù 2001. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Pakistan ní oṣù Kẹta ọdún 2003. Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA gbé e pa mọ́ sí ẹ̀wọ̀n àṣírí, wọ́n sì da omi sí i nímú lẹ́nu ní ìgbà 183 kí ó lè jẹ́wọ́. Ní 2006, wọ́n gbé e lọ sí Guantánamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Amẹ́ríkà ṣí sórí ilẹ̀ Kúbà ní oṣù Kíní ọdún 2002, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí 780 ti gbà kọjá, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sì fojú kan adájọ́ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2025 fi wọlé, ìgbẹ́jọ́ Mohammed gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó dí i lọ́wọ́ ni àríyànjiyàn lórí bóyá ilé ẹjọ́ lè lo ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹbí wọn kú ní New York ṣì ń retí ìdájọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé ogun ò wúlò níbì kankan. Àwọn tó fara mọ́ ogun ní kí wọ́n kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí wọ́n tó wá bá adìẹ wí, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS gba ìlú Mosul ní Ìráàkì, wọ́n sì kéde ìjọba tiwọn. Wọ́n ń bẹ́ èèyàn lórí, wọ́n ń ta àwọn obìnrin Yazidi lẹ́rú. Kò sí òṣìṣẹ́ kóòtù tó lè lọ fún wọn níwèé ìpè níbẹ̀. Àdó olóró àti ọmọ ogun ló gba Mosul padà ní 2017, òun náà ló gba Baghouz, abúlé tó kù sí wọn lọ́wọ́ ní Síríà, ní oṣù Kẹta ọdún 2019.

Àmọ́ níbo ni ISIS ti wá? Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìráàkì ní 2003, wọ́n ní Saddam Hussein ń kó ohun ìjà apanirun pa mọ́. Wọn ò rí ohun ìjà náà. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó mọ ìbọn í yìn sì di aláìníṣẹ́. Ní Camp Bucca, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Amẹ́ríkà ń darí níbẹ̀ nígbà yẹn, àwọn ológun tẹ́lẹ̀ àti àwọn alákatakítí ń sùn, wọ́n ń jí pọ̀. Abu Bakr al-Baghdadi, ẹni tó di olórí ISIS, wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ní 2004.

Ìṣọ́ni náà láǹfààní tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá London mú àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ gbé bọ́ǹbù olómi sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọ àwọn bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ń ṣọ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ fi kámẹ́rà pa mọ́ sínú ilé tí wọ́n ti ń po nǹkan náà ní ìlà oòrùn ìlú náà. Èyí ló bí òfin mílílítà 100. Ìyá àgbà tí wọ́n gba ìgò àgbo lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlà oòrùn London ló kan òun.

London náà ti jìyà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2005, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan, wọ́n pa èèyàn 52. Mẹ́ta nínú wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí wọn sí. Marie Fatayi-Williams gbéra ní Nàìjíríà lọ wá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 26. Ní ọjọ́ kẹrin ìkọlù náà, ó dúró lẹ́bàá Tavistock Square pẹ̀lú àwòrán ọmọ náà lọ́wọ́, ó ń bi gbogbo ayé léèrè pé nítorí kí ni. Ọmọ náà ti bá bọ́ọ̀sì yẹn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ ìkọlù gan-an, ẹbí kan ní Leeds pe ọlọ́pàá pé ọmọ àwọn lọ London, àwọn ò sì gbúròó rẹ̀. Wọ́n rò pé ó wà lára àwọn tó farapa ni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni. Ìpè yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọlọ́pàá tètè mọ ibi tí wọn yóò gbé ìwádìí gbà.

Ìbẹ̀rù mú kí ìjọba sáré. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá yìnbọn pa Jean Charles de Menezes, ọmọ Brazil tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ní ibùdókọ̀ Stockwell. Tony Blair, olóòtú ìjọba, ní kí àwọn aṣòfin gba ọlọ́pàá láàyè láti ti afurasí mọ́lé fún 90 ọjọ́ láìfẹ̀sùn kàn án. Wọ́n kọ̀ fún un ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ìbò 322 sí 291. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un, èyí tó sì ti padà di 14 láti 2011.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan orúkọ Yorùbá gan-an ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013. Michael Adebolajo àti Michael Adebowale, ọmọ London tí òbí wọn wá láti Nàìjíríà, pa sójà kan tó ń jẹ́ Lee Rigby ní ojúmọmọ ní Woolwich, àdúgbò tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ ní 2014 pé orúkọ Adebolajo ti jáde nínú ìwádìí márùn-ún, ti Adebowale nínú méjì. Adebowale tilẹ̀ ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ pa sójà, iléeṣẹ́ tó ni ojú òpó náà ò sọ fún ẹnì kankan. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ orúkọ. Wọn ò mọ ohun tó wà lọ́kàn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Prevent, tí wọ́n fi ń wá ẹni tó ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà yìí kí ó tó ṣẹ̀. Ní 2015, òfin sọ ọ́ di dandan fún àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìlera láti máa kíyè sí i. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ó sàn kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ ọdún 15 ju kí wọ́n wá a kàn lẹ́wọ̀n. Àwọn tó ta kò ó ní ọmọ Mùsùlùmí ò lè la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì mọ́, kí wọ́n má baà kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Dẹ́nmáàkì gbé tiwọn gba ibòmíràn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bí 30 ti ìlú Aarhus gba Síríà lọ, ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tí òbí lè pè láìbẹ̀rù. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé tí kò sì pààyàn, wọ́n á bá a wá ilé ìwé tàbí iṣẹ́, wọ́n á sì fi àgbà kan tì í. Àwọn kan pariwo pé wọ́n ń fi ẹ̀bùn san ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, iye àwọn tó ń lọ já wálẹ̀ ní 2014. Faransé, lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí pa èèyàn 130 ní Paris ní 2015, ṣí ilé kan ní Pontourny ní 2016 fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà yìí, níbi tí àyè èèyàn 25 wà. Kò sígbà kan tí wọ́n pé mẹ́wàá níbẹ̀, kó tó pọ́dún kan ni wọ́n sì tì í. Ti Aarhus bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó mọ ọmọ náà. Ti Pontourny kó wọn lọ sí abúlé tí wọn ò mọ ẹnì kankan.

Mùsùlùmí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2011, aláwọ̀ funfun kan tó kórìíra àwọn àjèjì pa èèyàn 77 ní Nọ́wè. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù ní gbangba, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 21 tí wọ́n lè máa fi kún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, irú rẹ̀ pa èèyàn 51 nínú mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch. Kó tó pé oṣù kan, New Zealand ti fòfin de ọ̀pọ̀ irú ìbọn tó lò. Ìgbìmọ̀ ìwádìí wọn wá sọ pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti gbájú mọ́ àwọn Mùsùlùmí jù. Nínú Prevent pàápàá, láti bí ọdún 2020, àwọn tí wọ́n ń mú wá nítorí ìkórìíra ẹ̀yà ti pọ̀ ju àwọn ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù lọ.

Ibi tó le jù lónìí ni ti ìwé ọmọ ìlú. Shamima Begum jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tó kúrò ní London lọ bá ISIS ní 2015. Ní 2019, ìjọba gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní nípasẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó jẹ́ ọmọ Bangladesh. Ó pe ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 2024, ó fìdí rẹmi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá tó wà ní Peckham ní London. Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ọmọ tí ọmọ Nàìjíríà bí sí òkè òkun, ọmọ Nàìjíríà ni. Ọmọ Yorùbá tí kò fẹsẹ̀ tẹ Ìjẹ̀bú rí lè bọ́ sábẹ́ òfin tí wọ́n fi mú Begum, nígbà tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ mìíràn kò ní bọ́ sí i. Àwọn tó fara mọ́ òfin náà ní ẹni tó bá lọ bá ọ̀tá ti kọ ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Faransé àti Jámánì ti kó ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin àti ọmọ wọn bọ̀ láti àgọ́ Síríà, wọ́n sì pe àwọn kan nínú àwọn ìyá náà lẹ́jọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́ra púpọ̀ sí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ACT Early sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ lè pè bí wọ́n bá rí i pé èèyàn wọn ti ń yí padà. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ làwọn fẹ́ ṣe. Ìjọba tí ọlọ́pàá rẹ̀ gbé nọ́ńbà náà síta ló tún di agbára àtigba ìwé ọmọ ìlú mú. Kí ìyá kan ní Woolwich tó tẹ nọ́ńbà yẹn, yóò fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni wọn yóò fi dá òun lóhùn. Àwọn aṣòfin ò tíì fún un lésì.